Òfin Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì Lókè Òkun: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé Wa ní Èkìtì

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn láti dáhùn nínú ìtẹ̀jáde yìí. Kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn dá lé lórí, ìbáà ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ nìkan wà, ìbáà ṣe èyí tí ó ní bátìrì àti ẹ̀rọ kékeré tí ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní yunifásítì ní Leeds, ní Ìlú Ọba. Ó ní òun rí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé agbára rẹ̀ tó wáàtì 1000, pé bí a bá ti lọ́ ọwọ́ rẹ̀ bíi ti ọ̀kadà ni yóò gbéra, àti pé kò gba láísẹ́ńsì. Ó fẹ́ máa fi í gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n fi owó kún owó ọwọ́ òun. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé kò gba ìwé kankan? Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ó dára púpọ̀ tí ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kò gba láísẹ́ńsì, tí kò gba nọ́ńbà, tí kò sì gba ìwé adójútòfò wà ní Ìlú Ọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ yín júwe yìí kò sí lára wọn. Ohun mẹ́ta ni òfin ibẹ̀ fi ń ya irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára alùpùpù. Agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ ti kẹ̀kẹ́ mọ́ nígbà tí eré rẹ̀ bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe kìlómítà 25. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó gùn ún gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dà kí ẹ̀rọ tó ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè dá ti kẹ̀kẹ́ bí eré rẹ̀ kò bá ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, ìyẹn kìlómítà 6 ní wákàtí kan, kí ẹni tó ń wọ́ ọ gun òkè lè rí ìrọ̀rùn. Ẹni tí yóò gùn ún gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti pé gbogbo èyí, kẹ̀kẹ́ lásán ni lójú òfin. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yẹ̀, alùpùpù ni, kódà bí ó ní pẹ́dà méjèèjì, kódà bí ẹni tó tà á bá pè é ní kẹ̀kẹ́ nígbà ẹgbẹ̀rún.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá ti di alùpùpù gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà, láísẹ́ńsì, ìwé adójútòfò àti akoto, bẹ́ẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ oníwáàtì 1000 tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é tí a lè fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Owó lásán ni ọmọ yín yóò fi ra ohun tí kò ní ọ̀nà láti sọ di ohun tó bófin mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á mọ èyí dájúdájú, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, ní lẹ́tà wínníwínní, pé orí ilẹ̀ àdáni nìkan ni kí a ti máa gùn ún. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa kì í ka ibẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lójú títì, wọ́n láṣẹ láti gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìtanràn gígun alùpùpù láìní ìwé adójútòfò jẹ́ 300 pọ́n-ùn pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà sí àkọsílẹ̀ ìwakọ̀, àmì wọ̀nyí sì ṣeé kọ sí orúkọ ẹni tí kò tilẹ̀ tíì ní láísẹ́ńsì rárá. Lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ wa mọ́tò, yóò bá wọn níbẹ̀.

Kí ó tó ra kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí, kí ó wo ara kẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Òfin fẹ́ kí a kọ agbára ẹ̀rọ tàbí orúkọ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà sí i lára, kí a sì kọ fóòtì bátìrì tàbí eré tó lè sá jù lọ. Èyí tí kò ní irú àkọlé bẹ́ẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín, Màmá, tí ó bà mí lẹ́rù ju kẹ̀kẹ́ náà lọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba kò fàyè gba kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ohun tó gbà á láyè ni kí ó ṣiṣẹ́ oṣù lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́, èyí tí kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ fún ẹni tó ń kàwé gboyè nígbà tí iléèwé bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Àwọn tí ń gbé oúnjẹ káàkiri nípasẹ̀ áàpù orí fóònù, adáṣẹ́ṣe ni ìwé àdéhùn wọn sábà máa ń pè wọ́n, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ bófin mu láti òkè délẹ̀, iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi í ṣe lè gba físà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí gbogbo owó tí ẹ ti ná láti ọdún tó kọjá sì wọmi. Kí ó wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìkówèésí, kí ó sì ra kẹ̀kẹ́ oníwáàtì 250 tí yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní kí ó tó san owó.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gun Raleigh láàárín Ìkéré àti Ìgbárá-Odò. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Rotterdam ní kí n wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì méjì ló wà nílé rẹ̀: ọ̀kan kò ní nọ́ńbà, èkejì ní nọ́ńbà aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn. Wọ́n tún ní a ó fi kẹ̀kẹ́ kọjá sí Jámánì lọ́jọ́ kan. Èwo ni mo lè gùn, kí ni kí n sì mọ̀? Bàbá Olùkọ́, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ gun èyí tí kò ní nọ́ńbà, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ fún ọmọ yín. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nọ́ńbà 168 ti ọdún 2013 ló pààlà sáàárín méjèèjì. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju wáàtì 250 lọ, tí ń dákẹ́ bí ẹ bá dẹ́kun pẹ́dà yíyí tàbí kí eré tó dé kìlómítà 25, kẹ̀kẹ́ ni, láti Netherlands dé Jámánì dé Faransé, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè láísẹ́ńsì rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Èyí tó ní nọ́ńbà ìyeyè lè ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ títí dé kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni Netherlands ti kà á mọ́ alùpùpù kékeré, tí ó fi gba láísẹ́ńsì, ìwé adójútòfò àti akoto dandan. Bí ó bá wù yín láti gùn ún, kí ọmọ yín kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ bóyá àdéhùn wọn bo àlejò tí láísẹ́ńsì rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Ní Jámánì, irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ rárá, àárín mọ́tò ni yóò wà, n kò sì rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tó dé, nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, mọ bí ó ti rí láti yí àṣà padà lójú ọ̀nà. Ní Netherlands àti Jámánì, apá ọ̀tún náà ni, ara yín yóò mọlé. Apá òsì ni Ìlú Ọba, Ireland, Malta àti Cyprus ṣì ń gbà. Ohun tí ẹ kò ní bá nílé ni pé, ní oríta tí kò ní àmì tàbí iná adarí ọkọ̀, ẹni tó bá ti apá ọ̀tún yín yọ ló ni ọ̀nà, ẹ̀yin ni ẹ ó dúró fún un. Bí ẹ bá rí àwọn àmì onígun mẹ́ta funfun tí wọ́n kùn sójú títì, tí ṣóńṣó wọn kọjú sí yín, ẹ dúró kí àwọn tó ń kọjá lọ́wọ́ iwájú kọ́kọ́ lọ. Ẹ máa yẹra fún ọkọ̀ ojú irin ìgboro nígbà gbogbo. Ibi tí ẹ bá rí àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tí àwòrán kẹ̀kẹ́ funfun wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni, dandan sì ni kí ẹ gba ibẹ̀, ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹ na ọwọ́ kí ẹ tó yà. Iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn jẹ́ ọ̀ranyàn lóru.

Ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò kí ẹ tó jáde, nítorí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìgboro níbẹ̀ ni kò ní bíréèkì lọ́wọ́ bíi ti Raleigh yín: bí a bá yí pẹ́dà padà sẹ́yìn ni wọ́n ń dúró. Ẹ dán an wò nínú àgbàlá ná.

Fóònù kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ yín bí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ. Netherlands ti fi òfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019, ìtanràn rẹ̀ ní Jámánì sì jẹ́ 55 yúrò. Ẹni tó bá kọjá iná pupa ní Jámánì yóò san 60 yúrò, 100 bí iná náà bá ti pupa ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọtí pẹ̀lú: ní Netherlands, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mú awakọ̀ náà ni wọ́n fi ń mú oníkẹ̀kẹ́, ìyẹn gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ní Jámánì, ẹni tí tirẹ̀ bá dé 1.6 lórí kẹ̀kẹ́ ti di ọ̀daràn, bí kò tilẹ̀ kọlu ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 13, ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Lyon, a ó sì dé Barcelona. A ó yá kẹ̀kẹ́ lò níbẹ̀. Ṣé dandan ni akoto? Ìyá Ọmọ Méjì, Ìjerò-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ní Faransé, dandan ni fún ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 12, láti oṣù kẹta ọdún 2017. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kó ọmọ jáde ni wọ́n yóò sì bu ìtanràn 135 yúrò lé lórí. Ti ọmọ ọdún 13 kò sí lábẹ́ òfin níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wọ Sípéènì, gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ló gbọ́dọ̀ dé e, níbi gbogbo, ẹ̀yin àgbà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dé e bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú ìlú. Ẹ kúkú yá akoto mẹ́rin, kí ẹ má ṣe yọ ti ọmọ ọdún 13 sílẹ̀ nítorí pé òfin Faransé fojú fò ó.

Ọmọ ọdún 9 kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní Faransé, nítorí àwọn tí kò tíì pé ọdún 8 nìkan ni wọ́n gbà láyè. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn ìlú lóru, gbogbo yín ní láti wọ ẹ̀wù tí ń kọ mànà bí iná mọ́tò bá tàn sí i. Ohun ìgbọ́rin kò gbọdọ̀ wà létí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. 135 yúrò ni ìyẹn náà. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò bá a tú ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì rẹ̀ kí ó lè sáré ju kìlómítà 25 lọ, kí ó sá fún un. Òfin ọdún 2019 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ìtanràn tó lè dé 30,000 yúrò ni èrè rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń bọ̀ wálé sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti Jámánì. Ṣé mo lè gbé kẹ̀kẹ́ mi oníbátìrì nínú bàálù? Fóòtì 36 àti àńpíà-wákàtí 10 ni wọ́n kọ sára bátìrì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè gbé kẹ̀kẹ́ náà, ẹ kò lè gbé bátìrì rẹ̀. Ẹ fi 36 lọ́nà 10, yóò fún yín ní wáàtì-wákàtí 360. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí kò ju wáàtì-wákàtí 100 lọ ni arìnrìn-àjò lè gbé láìgba àṣẹ. Láti 100 dé 160, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ju 160 lọ kò gbọdọ̀ wọ bàálù èrò, ì báà ṣe lọ́wọ́, ì báà ṣe nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bá gbiná, ó ṣòro púpọ̀ láti pa. Ohun tó fà á náà nìyẹn tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìgboro London fi fòfin de kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kò ṣeé ká nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025.

Ẹ tú pẹ́dà, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ó bá ara kẹ̀kẹ́ dọ́gba, kí ẹ dì í sínú páálí, kí ẹ sì sọ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé. Bátìrì náà, ẹ tà á síbẹ̀, tàbí kí ẹ fi í lé àwọn akẹ́rù tó gba àṣẹ láti kó ẹrù eléwu lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ gan-an sínú ìwé ẹrù.