Ẹ Bi Wá: Ọmọ Kétu, Ìbò Peckham àti Owó Bárò

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí o, ẹ ṣeun gan-an. Mẹ́ta ni àyè gbà, ẹ̀yin tó kù ẹ ṣe sùúrù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí, ará Kétu ní ilẹ̀ Benin lọ́kọ mi, lódìkejì bọ́dà lọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ni mo bí àwọn ìbejì mi sí. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìwé àwọn ọmọ nílé, ẹnìkan lọ́fíìsì kan ní wọn kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, pé bàbá ló lọmọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ọkọ mi ńkọ́, ṣé bó ṣe fẹ́ mi yìí, òun náà lè di ọmọ Nàìjíríà? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹni yẹn ń sọ tẹnu ẹ̀ ni, kò sọ ti òfin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 25, ní ẹni tí wọ́n bí sí òkèèrè, tí ọ̀kan nínú òbí ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọ̀kan ló wí o, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Àwọn ìbejì yẹn ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kí wọ́n tó mu ọmú àkọ́kọ́, kì í ṣe pé ẹ lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé tó máa fi hàn lẹ lọ gbà.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ló ń sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, látọdún 1868 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin wọn. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti oṣù kìíní 1983 wọ́n ní ó di kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn, tàbí kó ti ní ìwé àtigbé ibẹ̀ gbére. Tiwa ò wo ilẹ̀ nìkan, ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Ará Ṣáínà méjì tó fẹ́ra, tí wọ́n bímọ sí Ìkẹjà, tí òbí tàbí òbí àgbà ọmọ náà kankan ò jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Ṣáínà ni wọ́n bí o, bó bá ṣe wù kó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tèmi lọ (ó sì ṣeé ṣe kó gbọ́ ọ jù ú lọ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn).

Ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni wàhálà wà. Abala 26 gba OBÌNRIN tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láyè kó gba ìwé ọmọ onílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, kò dárúkọ ọkùnrin rárá. Ká ní ọkùnrin Ìmẹ̀kọ ló fẹ́ obìnrin Kétu ni, ọ̀nà ti là. Èyí tó kù fún Bàbá Ìbejì ni abala 27, kó ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15, kí gómìnà ìpínlẹ̀ tó ń gbé jẹ́rìí pé àwọn ará ibẹ̀ gbà á, kí ààrẹ wá fọwọ́ sí i. Èmi ò fẹ́ràn òfin yẹn rárá. Lóṣù kẹta 2022 àwọn aṣòfin l'Ábújá dìbò lórí pé kí wọ́n yí i padà, wọ́n dà á nù, àwọn obìnrin lọ jókòó sẹ́nu géètì wọn, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé náà ló wà. Èyí tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Ìmẹ̀kọ àti Kétu, abẹ́ Alákétu kan náà ni wọ́n wà kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó fa ìlà ní 1889, ìlà yẹn náà ló wá ń pín tọkọtaya báyìí.

Tí kaunsù bá tún ń bá yín fa ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ka abala 318, òbí tàbí òbí àgbà ló kọ síbẹ̀, àwọn ìbejì lè jẹ́ ọmọ Ògùn nípasẹ̀ yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi ní mo lè dìbò níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ kó mi sí wàhálà? Àti pé báwo ni wọ́n ṣe lo olórí ìjọba mẹ́ta ní 2022 láìdìbò? – Àbúrò yín ní Peckham

Ìdáhùn: Kò kó ẹ sí wàhálà kankan. Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ni wá (ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso púpọ̀ nínú wọn rí), tó o bá ti pé 18, tí físà ẹ sì gbà ẹ́ láyè láti gbé ibẹ̀, lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kaunsù ẹ, o lè dìbò títí dórí ilé aṣòfin wọn. Jámánì tó ń gbé ilé kejì ò ní àǹfààní yẹn o. Láti 2023 wọ́n ti ń béèrè ìwé tó ní fọ́tò lójú ìdìbò, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà sì wà lára èyí tí wọ́n ń gbà. Ó kàn ń pa mí lẹ́rìn-ín pé pásípọ́ọ̀tù tó o lè fi dìbò fún Gẹ̀ẹ́sì, o ò lè jókòó sí Peckham fi dìbò fún ààrẹ tiwa.

Ti olórí mẹ́ta yẹn, Johnson, Truss tó lo ọjọ́ 49 péré, àti Sunak, aráàlú kì í dìbò yan olórí ìjọba níbẹ̀. Aṣòfin àdúgbò wọn ni wọ́n ń yàn, ẹni tí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù bá wà lẹ́yìn ẹ̀ lọba máa pè. Tí wọ́n bá ti kúrò lẹ́yìn ẹ̀, ó tán.

Àwa náà ti jẹ irú ọbẹ̀ yẹn rí, ó sì ta wá lẹ́nu. Ní 1962 Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, lẹ́tà tí àwọn aṣòfin tó ju ìdajì lọ fọwọ́ sí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá, olórí ìjọba ibẹ̀, mọ́, ló bá yọ ọ́, ó fi Adégbénró síbẹ̀. Akíntọ́lá ní irọ́ ni, inú ilé aṣòfin ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dìbò, kì í ṣe lẹ́tà. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún tí ilé fẹ́ jókòó n'Íbàdàn, àga ń fò, tábìlì ń wó, ìjọba àpapọ̀ bá kéde pàjáwìrì. Ẹjọ́ yẹn rìn dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní 1963 sọ pé gómìnà jàre, lẹ́tà tó. Àmọ́ Akíntọ́lá ti padà sórí àga nígbà yẹn, ilé aṣòfin ẹ̀ kàn tún òfin kọ, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìnwá, ìdájọ́ di bébà lásán. Láti 1979 tá a ti gba ètò ìjọba ti ààrẹ, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ti parí, gómìnà tó wọlé lónìí, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin yọ ọ́ lẹ́yìn ìwádìí.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ń fi bárò kó ẹrù lọ́jà kan n'Íbàdàn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wa pé ti kaunsù ni. Ṣé kaunsù ló ni bárò ni? – Ọmọ yín

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ bárò wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà! Ó wà lẹ́yìn ìwé níbẹ̀, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ kaunsù sí: láìsẹ́ǹsì básíkù, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, bárò àti ọmọlanke, kaunsù ló ni ín. Torí náà wọ́n lè gbowó. Àmọ́ láìsẹ́ǹsì lòfin wí, kò wí owó agbèrò. Béèrè rìsíìtì tó ní orúkọ kaunsù lára, tí wọn ò bá ní, ẹ̀yin oníbárò ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ bi wọ́n ní sẹkitéríàtì, má dá nìkan lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè gọ́tà àti ilé ìgbẹ́ ọjà náà, ojú ewé kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà pẹ̀lú bárò yín, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti ní lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó kaunsù máa lọ sọ́wọ́ kaunsù tààrà, kí wọ́n má wá sọ pé gómìnà ló mú un lọ.