Iléèwé kékeré tó ń ṣa ọmọ: kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ yín lọ síbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bronx ní New York la wà. Ọmọbìnrin mi á wọ gíréèdì 8 ní September, tíṣà ẹ̀ sì ti ní kó múra tẹ́ẹ̀sì SHSAT, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ àwọn iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba tó ń ṣa ọmọ ní New York. Èmi, Bronx Science àti Stuyvesant nìkan ni mo mọ̀, àmọ́ òun ní High School of American Studies tó wà ní Lehman College ló wu òun torí pé èrò ò pọ̀ níbẹ̀. Dádì ẹ̀ ní iléèwé tí gbogbo ọmọ inú ẹ̀ ò ju bí irinwó lọ, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ níbẹ̀? Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó dáa fún un? Àbúrò ẹ̀ náà ń bọ̀ lẹ́yìn, gíréèdì 6 lòun wà.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn òbí wá iléèwé fún ọmọ ní New York yìí, inú mi sì dùn sí ìbéèrè yín gan-an torí ọmọ yín ti mọ ohun tó ń fẹ́, kò kàn tẹ̀ lé orúkọ tó lókìkí. Ẹ bá mi sọ fún dádì ẹ̀ pé iléèwé ìjọba gidi ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n dá irú ẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, gbogbo wọn sínú ọgbà àwọn kálẹ́ẹ̀jì CUNY, ìyẹn yunifásítì ìlú New York: ti Lehman yẹn, ti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà tó wà ní City College ní Harlem, àti ti sáyẹ́ǹsì tó wà ní York College ní àdúgbò Jamaica ní Queens. Tẹ́ẹ̀sì kan náà tí wọ́n fi ń wọ Stuyvesant ni wọ́n fi ń wọ̀ wọ́n. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n ní kékeré ni, kì í ṣe pé wọn ò rọ́mọ gbà. Bronx Science tó wà nítòsí Lehman níbẹ̀ ní ọmọ bí 3,000, Brooklyn Tech ń lọ sí bí 6,000, ẹ wá fi iye yẹn wé irinwó.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí rísọ́ọ̀tì iléèwé yẹn gbà yín lójú jù. Gbogbo iléèwé tó ń fi tẹ́ẹ̀sì ṣa ọmọ ni rísọ́ọ̀tì ẹ̀ máa ń dáa, ọmọ tó ti mọ̀wé kó tó débẹ̀ ni wọ́n kó wọlé. Ẹni tó bá ṣa iṣu tó dáa jù lọ́jà, tí iyán ẹ̀ wá kúnná, ṣé ọwọ́ tó gún un nìkan lẹ máa yìn ni? Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí iléèwé yẹn fi kún ọmọ lẹ́yìn tó wọlé tán, ìyẹn ò sì sí nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n máa ń gbé síwájú òbí. Nǹkan míì tún ni pé ní iléèwé tí ọmọ bí ọgọ́rùn-ún péré wà nínú kíláàsì ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ti tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọmọ mẹ́rin bá ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò, ṣe ni nọ́ńbà á já wálẹ̀, òbí á rò pé iléèwé ti ń bàjẹ́. Torí náà ẹ má wo ọdún kan, ẹ wo ọdún mẹ́rin márùn-ún pa pọ̀.

Nọ́ńbà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ, ó dẹ̀ rọrùn láti rí. Ẹ lọ sórí data.nysed.gov, ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ New York ń kó àkọsílẹ̀ iléèwé gbogbo sí, ẹ wo iye ọmọ tó wà ní gíréèdì 9 lọ́dún kan, kẹ́ ẹ wá wo iye tó wà ní gíréèdì 12 ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀. Tí 100 bá wọlé tó wá ku 75, ẹ béèrè pé níbo làwọn tó kù lọ. Àwọn kan á ti kó kúrò nílùú lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọdọọdún ló ń rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé iléèwé yẹn kì í dúró ti ọmọ tó bá ń tiraka, ṣe ni wọ́n máa ń rọra sọ fún òbí pé ibòmíì lè bá a lára mu. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ó ku ohun tí kékeré máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ, àwọn òbí ò sì sábà béèrè ẹ̀. Ní iléèwé ńlá, kọ́ọ̀sì kan lè ní kíláàsì márùn-ún lóòjọ́, tí ti àárọ̀ bá forí gbárí pẹ̀lú nǹkan míì, ọmọ á lọ sí ti ọ̀sán. Ní iléèwé kékeré, kíláàsì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà fún AP Physics (AP ni kọ́ọ̀sì tó le bíi ti kálẹ́ẹ̀jì) tàbí Calculus, tó bá wá bọ́ sí wákàtí kan náà pẹ̀lú nǹkan míì tọ́mọ yín fẹ́, ó di dandan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Torí náà ẹ má gba ìwé pélébé tí wọ́n ń pín fún àlejò nìkan, ẹ ní kí wọ́n fi àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lọ́dún yìí hàn yín, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ gíréèdì 12 pé èwo ni wọ́n fẹ́ ṣe tí wọn ò ráyè ṣe. Eré ìdárayá náà, orin náà, bákan náà ni.

Ti Lehman yìí, ìtàn Amẹ́ríkà ni òpó tí wọ́n gbé iléèwé náà lé. Ibòmíì ọdún kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, níbẹ̀ ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kíkà pọ̀, kíkọ náà pọ̀. Ṣé ọmọ yín fẹ́ràn kó jókòó ti ìwé gígùn kó wá kọ èrò ẹ̀ sílẹ̀? Tó bá fẹ́ràn ẹ̀, ibẹ̀ á dùn mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé lab ló ń wù ú, tó kàn jẹ́ pé èrò ló ń sá fún, ẹ jẹ́ kó wo ti City College náà. Wọ́n á sọ fún yín pé ọmọ lè ṣe kọ́ọ̀sì ní kálẹ́ẹ̀jì, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ bi wọ́n: láti gíréèdì wo? Ọmọ mélòó ló ṣe é lọ́dún tó kọjá? Ṣé kíláàsì àwọn ọmọ kálẹ́ẹ̀jì gangan ni àbí wọ́n kàn ń kọ́ wọn lọ́tọ̀?

Èrè kékeré wà o, ó sì pọ̀. Wọ́n á mọ orúkọ ọmọ yín. Nígbà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, ẹni tó ń kọ lẹ́tà fún un á jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ kan, ìyẹn ẹni tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn ní iléèwé, ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn ní kó má ju 250 lọ.

Mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún yín torí ọmọ tiwa ni: àwọn ọmọ dúdú ò pọ̀ láwọn iléèwé SHSAT yìí. Lọ́dún 2019, nínú 895 ọmọ tí wọ́n fún láyè ní Stuyvesant, méje péré ni ọmọ dúdú. Ní iléèwé kékeré, ó lè jẹ́ òun nìkan ló máa wà nínú kíláàsì kan. Ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n jẹ́, ẹ bá àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá bá ọmọ yín sọ ọ́ láìfi dẹ́rù bà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí òbí wá wo iléèwé, ẹ lọ, àmọ́ ẹ má tẹ́tí sí prínsípà nìkan. Ẹ dúró síta nígbà tí wọ́n bá ń jáde, kẹ́ ẹ bi ọmọ kan tàbí méjì pé ìgbà tó o fẹ́ féèlì iṣẹ́ kan, ta lo lọ bá? Tó bá dárúkọ tíṣà kan kíá, ó dáa. Ẹ tún gbìyànjú ọ̀nà ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tíréènì 4 àti D ló ń dé Bedford Park, owó ọkọ̀ ò ní jẹ́ ìṣòro torí káàdì OMNY àwọn ọmọ iléèwé ń gbé wọn lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, oorun ọmọ gan-an ni kẹ́ ẹ rò.

Tẹ́ ẹ bá ń to orúkọ iléèwé, bó ṣe wù ú gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe tò ó. Tó bá jẹ́ Lehman ló wù ú jù, òun ni kó wà lókè, kódà tí máàkì ẹ̀ bá tó ti Stuyvesant, torí èyí tó bá wà lókè tí máàkì ẹ̀ tó ni wọ́n máa fún un, wọn ò ní wo ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ má dẹ̀ fi àwọn iléèwé tí kò lo SHSAT sílẹ̀. Láti fall 2025, orí kọ̀ǹpútà ni tẹ́ẹ̀sì náà ti wà, kó má fi ìwé nìkan dán ara ẹ̀ wò. Ìforúkọsílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ní October, ẹ ti bá kánsẹ́lọ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní September. Ti àbúrò ẹ̀ ńkọ́, ẹ bi iléèwé ẹ̀ ní báyìí bóyá ó lè wọ DREAM, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìlú fi ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún SHSAT, torí wọn kì í dúró dìgbà tọ́mọ bá dé gíréèdì 8.