Ṣé kí a fi owó àánú wa ṣèrànwọ́ fún ìwádìí ìwòsàn àtọ̀gbẹ ọmọdé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa ní Ìkéré-Èkìtì. Ọmọ ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní irú àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń gún ní insulin lójoojúmọ́. A ti dá 400,000 náírà jọ. Ọkùnrin kan ní kí a san án sínú àkántì òun, pé òun yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá ìwòsàn lókè òkun, àti pé kí ọdún tó yí po, ọmọ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Ṣé kí a san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ àánú, Màmá. Ẹ má san kọ́bọ̀ sínú àkántì ọkùnrin yẹn. Ìwádìí tó ń sọ wà lóòótọ́. Ìlérí ọlọ́dún kan tó so mọ́ ọn ni irọ́.

Àtọ̀gbẹ ọmọ yìí, tí wọ́n ń pè ní type 1 (T1D), yàtọ̀ sí èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá àìsàn jà, ló ṣìnà tí wọ́n ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, èròjà tó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù. Nígbà tí ìyá bá fi máa rí i pé èèrà ń ṣù bo ibi tí ọmọ tọ̀ sí, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó sàn ní láti fi sẹ́ẹ̀lì tuntun rọ́pò, kó sì tún wá bí àwọn ọmọ ogun ara kò ṣe ní í pa àwọn tuntun náà. Iṣẹ́ kejì yìí ló le jù.

Owó àánú ti ṣe gudugudu méje níbẹ̀. Ní 1970, àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àìsàn yìí ní Amẹ́ríkà dá àjọ JDRF sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Breakthrough T1D láti 2024. Àjọ náà wà lára àwọn tó gbówó sílẹ̀ fún iṣẹ́ Douglas Melton ní Harvard, onímọ̀ tí ọmọ tirẹ̀ méjì ní àìsàn yìí kan náà, tí òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì kéde ní 2014 pé àwọn ti mú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin jáde nínú yàrá ìwádìí. Ní 2025, iléeṣẹ́ apoògùn Vertex kéde pé nínú ènìyàn 12 tí wọ́n fún ní ìwọ̀n kíkún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, 10 kò nílò insulin mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Àmọ́ àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń lo oògùn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lágbára, èyí tó lè ṣílẹ̀kùn fún àìsàn mìíràn. N kò ní í fi irú rẹ̀ lọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ti teplizumab, oògùn kan tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2022, ó ń dá ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà dúró fún ìgbà díẹ̀ ni. Kò lè mú ọmọ tó ti ń gba abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí èmi bá jẹ́ akápò yín, n óò mú 50,000 náírà fún ìwádìí, n óò sì fi 350,000 tó kù ra insulin àti ègé bébà tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí pé bí insulin bá wọ́n ọmọ náà fún ọjọ́ díẹ̀ péré, ó lè kú. Ti ìwádìí, ẹ san án tààrà fún àjọ tí ẹ bá yàn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka ìròyìn ìnáwó tó ń gbé jáde lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ àjọ ilẹ̀ wa, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ẹ má ra insulin ọdún kan jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgò rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ń lò. Ibi tútù ló yẹ kó wà, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ọba ti rí. Ìyá kan tó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi ní Adó ń fi ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó ń da yanrìn sí àárín méjèèjì, ó ń bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Inú ìkòkò kékeré náà, nínú ọ̀rá, ni insulin wà, ó sì ń tutù dáadáa.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹnì kan nínú yín bá ìyá ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn, kó kọ orúkọ insulin náà gan-an sílẹ̀, nítorí èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń pẹ́ lára kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé oògùn ibẹ̀ ni kí ẹ sanwó sí lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sórí rìsíìtì.