Ṣé Ohun tí Mo Rí Lórí Fóònù Ni Kí N Fi Bọ́ Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ọmọ mi pé oṣù 4, ọmú nìkan ló sì ń mu. Lórí Instagram, mo ń rí àwọn ọmọ tí kò jù ú lọ tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ líle, ó wá ń ṣe mí bíi pé mo ń fi nǹkan du tèmi. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀, ìyá ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kí oúnjẹ mìíràn tó kún un. Ohun tí ẹ kò rí nínú fídíò wọ̀nyẹn ni oúnjẹ tí ọmọ tu dànù àti iye ìgbà tí wọ́n tún un yà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹ bá ti dúró wo ẹyọ kan, ìkànnì náà yóò máa kó irú rẹ̀ wá bá yín, títí yóò fi dà bíi pé gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1981 ni ìlànà àgbáyé ti tako pípolówó wàrà ọmọ ọwọ́ fún aráàlú, síbẹ̀ ìròyìn tí àjọ náà gbé jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún àwọn gbajúmọ̀ orí ìkànnì láti máa polówó rẹ̀ fún àwọn ìyá.

N kò ní kí ẹ pa fóònù tì, nítorí àwọn onímọ̀ gidi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin, ẹ má dá a lóhùn rárá: ó lè fa àìsàn tó ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára. Fídíò yòówù tó bá wù yín, ẹ kọ́kọ́ fi han nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ yín.