Ṣé Ẹni Tí Àyà Rẹ̀ Ń Já Láàárín Èrò Lè Fi Jímọ̀ Sílẹ̀?

Ìbéèrè: Àfáà, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Bí mo bá ti dúró sáàárín sàfù (ìlà àwọn tó ń kírun) lọ́jọ́ Jímọ̀, tí èjìká kan èjìká, àyà mi á máa lù kìkìkì, òógùn á bò mí, èémí á fẹ́ẹ́ gé. Mo ti pa Jímọ̀ mẹ́rin jẹ. Àwọn kan ní àlùjànnú ni, àwọn kan ní ìgbàgbọ́ mi ò lágbára. Ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Arákùnrin mi, nígbà tí Ànábì Mùsá rí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tó ń rìn bí ejò, ńṣe ló pẹ̀yìn dà tó sá, kò wẹ̀yìn wò (Àlùkùránì 28:31). Ọlọ́hun ò torí ìyẹn gba ipò ànábì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè é padà. Ní 20:21, Ó tún ní kó mú ejò náà, kó má bẹ̀rù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹni tó fi ojú yẹpẹrẹ wo Jímọ̀ tó sì pa mẹ́ta jẹ ni hádíìsì kìlọ̀ fún. Ìbẹ̀rù àti àìsàn wà lára ohun tí hádíìsì kà sí àwáwí. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá lè lọ rárá, ẹ kí Ayílà, ìrun ọ̀sán, rákà mẹ́rin nílé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú orí ẹní tí wọ́n ń tẹ́ síta: bí sàfù ibẹ̀ bá so mọ́ ti inú, Jímọ̀ yín pé.

Sísá gan-an ló ń bọ́ àìsàn yìí. Bí ẹ bá ti jáde, ara á tù yín, ọkàn á sì gbà pé sísá ló gbà yín là. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rù á pọ̀ sí i. Jìnnìjìnnì náà kì í sábàá kọjá ìṣẹ́jú 10 kó tó dé góńgó, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀. Àárín yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń dìde. Ó dùn mí, torí ó kù díẹ̀ kó lọ.

Bí Ọlọ́hun ṣe ní kí Mùsá padà wá mú ejò tó sá fún, ẹ̀yin náà ẹ padà síbi tí ẹ ń sá fún, díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ mọ́sáláṣí lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀, ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀ tó ṣófo. Ẹ jókòó sáàárín, ẹ máa ṣe tẹ̀sùbáà fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ fi 0 sí 10 wọn ẹ̀rù náà. Bó bá jẹ́ 6 nígbà tí ẹ wọlé, ẹ má dìde títí á fi di 3. Ẹ máa pààrà ibẹ̀ títí kò fi ní ṣe yín ní nǹkan mọ́. Ó wá kan Ayílà ní sàfù ìkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà sàfù àárín, kó tó kan Jímọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó tó kan inú. Láti ayé Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní 934, la ti mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni à ń fi ohun tó ń dẹ́rù bani mọ́ ọkàn lára.

Bí àyà bá fẹ́ máa já, ẹ fa èémí sínú fún òǹkà 4, ẹ mí i síta fún òǹkà 6. Mímí gúlegúle ló ń fa òòyì, òun náà ló ń jẹ́ kí ọmọ ìka máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹ dín obì àti kọfí kù láàárọ̀ Jímọ̀, wọ́n a máa mú àyà sáré.

Ẹ ka Áyátù Kúrísíyù, Fálákì àti Náàsì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ nà yín nítorí pé ó ń lé àlùjànnú, ẹ sá fún un. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ìyípadà ò bá sí lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ, irú ti Aró l'Ábẹ́òkúta. Wèrè nìkan kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Àyà tó ń já kì í ba ìrun tàbí àlùwàlá jẹ́. Ẹni tó bá dákú ló máa tún àlùwàlá ṣe.