Oṣù méjì ṣáájú ìdánwò bẹ́líìtì dúdú

Àbúrò mi, mo kí ọ kú ìmúra. O ní bẹ́líìtì búráùn ni o wà, pé karate Shotokan lẹ̀ ń ṣe, pé ó ku oṣù méjì kó o jókòó ìdánwò bẹ́líìtì dúdú níbí ní Ìbàdàn. O wá béèrè bóyá kó o máa sáré gun òkè Mọ́kọ́lá láràárọ̀, bóyá kó o kọ́ kata Kanku Dai (kata ni àwọn ìṣísẹ̀ ìjà tí wọ́n tò tẹ̀ léra, tí èèyàn ń dá ṣe) mọ́ Bassai Dai tó o ti mọ̀, àti ohun tó yẹ kó o máa jẹ. Mo ti dúró níwájú tábìlì àwọn olùdánwò rí, látìgbà yẹn ni mo sì ti ń bá àwọn ẹlòmíràn dúró nígbà tí wọ́n bá ń ṣe tiwọn. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìbéèrè rẹ dáa, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù kò sí níbẹ̀: ta ni wọ́n máa pè kó wá dúró kojú rẹ?

Ká kọ́kọ́ yanjú ti kata ná. Fi Kanku Dai sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ 65 ló wà nínú rẹ̀, oṣù méjì kò sì tó kó wọ̀ ọ́ lára. Bassai Dai tó o ti ń ṣe tipẹ́ ni kó o gbé lọ. Heian, àwọn kata tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ló máa ń ká àwọn èèyàn mọ́. Lẹ́yìn kata tó o bá fúnra rẹ yàn, olùdánwò lè pe èyíkéyìí nínú Heian márààrún tàbí kata Tekki Shodan, kò sì ní sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Anko Itosu, àgbà olùkọ́ karate, ló ṣètò àwọn Heian yìí fáwọn ọmọ iléèwé ní Okinawa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn bẹ́líìtì búráùn fi ń fojú ọmọdé wò ó. Ibẹ̀ gan-an sì ni àṣírí èèyàn ti ń tú. Wo Heian Shodan. Lẹ́yìn tó o bá ti yí padà, tó o fi apá ọ̀tún gbá a dànù sísàlẹ̀, wàá fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, wàá yí apá yẹn po gba ẹ̀gbẹ́ orí, wàá sì fi ìsàlẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kàn án wálẹ̀ bí òòlù. Ẹni tí kò kà á sí á kàn ju apá lásán ni, ẹsẹ̀ kò ní fà, ìgbáròkó kò ní bá a lọ. Olùdánwò ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó dé ìṣísẹ̀ karùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kokutsu dachi, ìdúró tí èèyàn ń fara ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìwúwo ara rẹ ló yẹ kó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Dán an wò lálẹ́ yìí: dúró bẹ́ẹ̀, kó o gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀ láì kọ́kọ́ fì sẹ́yìn. Tó o bá fì, ìdúró yẹn kò tíì gún.

Ní ti eré sísá, mo mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ èèyàn. Àwa náà sáré gun àtẹ̀gùn pápá Liberty, tí wọ́n sọ lórúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ọkàn wa á sì máa lọ sọ́dọ̀ Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1963. Ìpele 15 ni wọ́n dá fún ìjà yẹn, Fullmer kò sì lè jáde fún ìkẹjọ. Ìmí gígùn ṣe pàtàkì fún irú ìyẹn. Tìrẹ yàtọ̀: Bassai Dai kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Wàá jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wàá dìde lójijì, wàá lo gbogbo agbára rẹ, wọ́n á sì ní kó o tún un ṣe. Sáré gun òkè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ti tó. Láwọn ọjọ́ yòókù, ṣe kata kan tagbára-tagbára, sinmi díẹ̀, tún un ṣe, títí itan á fi máa gbọ̀n. Ìgbà tó bá ń gbọ̀n ni kó o ṣe Heian Yondan, tó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí gbogbo ojú á ti rí ọ bó o bá ń mì.

Ọjọ́ tèmi, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó máa jókòó ń bọ̀ láti Èkó, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ dá a dúró lọ́nà, oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ àkọ́kọ́. Kò sí iná, fáànù kò yí. Àwọn tó ti fò sókè fò sílẹ̀ láàárọ̀ ti jókòó ti ògiri, iṣan wọn ti le. Mo ń jáde síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá ṣe Heian Shodan jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi títí òógùn á fi yọ díẹ̀, màá padà wọlé. Oúnjẹ rẹ náà, ọ̀pọ̀ wákàtí tá a fi ń retí yẹn ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Lálẹ́ tó ṣáájú, àmàlà àti gbẹ̀gìrì rẹ kò burú. Láàárọ̀, jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní kùtùkùtù, kó o fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà sísun sínú báàgì, kó o máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́.

Jiyu ippon wá ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí. Wọ́n á pe ẹ̀yin méjì síta. Ẹni tó ń kọlù á dárúkọ ibi tó ń bọ̀, jodan fún ojú, chudan fún ikùn, tàbí irú ìpá tó fẹ́ ta, á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnìkejì á yẹ̀ ẹ́, á gbà á dànù, á sì dá a padà. Ní dojo, ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ karate, ọ̀rẹ́ rẹ ti mọ bó o ṣe ń wọlé, ó ti ń sún sẹ́yìn kó o tó gbéra, ìwọ náà sì ń dín ẹ̀ṣẹ́ rẹ kù kó o má baà bẹ́ ètè rẹ̀. Àánú yẹn máa ń ṣàkóbá fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò ní dé ojú ẹnikẹ́ni, kí lèèyàn ń gbà dànù níbẹ̀? Olùdánwò kò rí nǹkan kan wò.

Mo bá ọmọbìnrin kan dúró tí kata rẹ̀ dùn ún wò ju ti gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ. Mo pe jodan, mo wọlé. Ó sún sẹ́yìn tààrà, ìgbésẹ̀ tó máa ń gbé fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe nílé ló gbé, ẹ̀ṣẹ́ mi sì dúró bí ìbú ìka méjì síwájú imú rẹ̀. Apá mi gùn ju tẹni yẹn lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo tún pè é, ó ti mọ ibi tí apá mi ń dé. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gyaku zuki rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, sì ti wà ní ìhà mi kí n tó fa ọwọ́ padà. Ó yege, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò ló yẹ kó kọ́ ìyẹn.

Nítorí náà, lọ bá sensei rẹ, ìyẹn olùkọ́ rẹ, kó o fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó o máa lọ ṣe ní dojo míràn lópin ọ̀sẹ̀. Má lọ láìjẹ́ pé ó mọ̀ o, òun ló máa fọwọ́ sí i pé o ti tó ìdánwò. Wá ẹni gíga, wá ẹni kúkúrú tó ń yára, wá àgbàlagbà tó gbọ́n ju agbára rẹ̀ lọ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má rọra fún ọ.

Tó bá jẹ́ orí sìmẹ́ńtì lẹ ti ń ṣe, ṣọ́ eékún rẹ, dín fífò kù. Lọ wo ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò ṣáájú, nítorí táìlì máa ń yọ̀ tí òógùn bá kán sí i. Aṣọ tuntun, tó o bá rà á, fọ̀ ọ́ kó o sì fi ṣe dáadáa kí ọjọ́ náà tó pé.

Ṣé apá Challenge tàbí Ring Road ni o ń gbé? Àwa máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tí sensei rẹ bá ti gbà, máa bọ̀. Mo ga, apá mi gùn, o kò sì mọ̀ mí rí. Màá pe jodan, màá sì wọlé lóòótọ́.