Chained Echoes: ìdí tí àwọn ọ̀gá ọ̀tá fi ń borí yín

Ẹ kú ìdààmú, ẹ̀yin tí àwọn ọ̀gá ọ̀tá inú géèmù Chained Echoes ń borí. Ẹ yé lé àwọn ọ̀tá kéékèèké kiri torí àtilágbára. Géèmù yìí ò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì (ipele agbára tó máa ń ga bẹ́ ẹ bá ṣe ń jà sí i). Grimoire Shard, tí ẹ máa ń gbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ́gun ọ̀gá ọ̀tá, lẹ fi ń kọ́ ọgbọ́n ìjà tuntun.

Báà Overdrive, ìlà aláwọ̀ tó ń hàn nígbà ìjà, ló ń pa yín. Tó bá wà lójú àwọ̀ ewé, TP (agbára tẹ́ ẹ fi ń lo ọgbọ́n ìjà) tẹ́ ẹ ń ná á dín sí ìdajì, ìyà tó ń jẹ yín náà á dín kù. Tó bá wọ pupa, ẹ gbé! Ẹ lo ọgbọ́n tó bá àmì ara báà mu, tàbí Defend (àṣẹ ìdáàbòbò), kó lè padà sẹ́yìn. Ẹ má sì ṣahun TP rárá: ó ń kún padà lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan.

Ìjà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan nìyẹn o. Nínú Sky Armor (róbọ́ọ̀tì ńlá tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ jà), gíà lẹ ó máa pààrọ̀.